Ta ló kọ́ wọn ní ijó náà?

Ẹ wo pósítà eré orí ìtàgé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé jáde, Ìjàrẹ ni, Àkúrẹ́ ni, Oǹdó ni. Orúkọ òǹkọ̀wé á wà níbẹ̀, ti olùdarí á tóbi gàdàgbà. Ẹni tó ń fi alaalẹ́ kọ́ àwọn òṣèré ní orin àti ijó ńkọ́? Kò sí. Bí owó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á fún un ní owó ọkọ̀.

A kò fara mọ́ ọn. Dúró Ládípọ̀ tí à ń ka Ọba Kò So rẹ̀ fún ìdánwò, orin ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, ó fi ìlù Yorùbá sí i, àwọn kan nínú ìjọ sì fárígá. Nígbà tí wọ́n gbé Ọba Kò So dé Berlin ní 1964, èèyàn mélòó níbẹ̀ ló gbọ́ Yorùbá? Ìlù, orin àti ijó ló bá wọn sọ̀rọ̀. Hubert Ògúndé ńkọ́? African Music Research Party ló sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1945. Orin ló wà nínú orúkọ yẹn, eré kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan ní ohun tó bá ṣeé kà nínú ìwé nìkan ni lítíréṣọ̀. Ṣé inú ìwé ni wọ́n ti bá ẹ̀sà egúngún ni?

Láti orí eré tó ń bọ̀, ẹ kọ orúkọ olùdarí orin àti olùkọ́ ijó sórí pósítà, kí ẹ sì yọ owó wọn sọ́tọ̀ kí ẹ tó ra aṣọ eré.