Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Wa Lórí Ṣọ́ọ̀bù Tí Wọ́n Fi Dù Mí

Ọlọ́lá Alága,

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí àwọn ará ọjà yóò kọ́kọ́ sọ fún yín: òótọ́ ni, mo ṣẹ̀wọ̀n. Mo ra ẹrù olè, mo sì mọ̀ pé ẹrù olè ni. Adájọ́ sọ mí sẹ́wọ̀n ọdún 4, mo sì ṣe é pé.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo kọ́ níbẹ̀, títí mo fi lè gé agbádá láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí mo jáde, wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí ìwà rere. Òfin ọdún 2019, èyí tó yí orúkọ àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà padà sí àjọ àtúnṣe, sọ pé ẹni tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má ṣe yà á sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀wọ̀n tó ṣe.

Oṣù keje rèé tí mo ti ń pààrà ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín ṣọ́ọ̀bù ọjà. Wọ́n ní kí n mú onídùúró wá. Mo mú ìyá mi, tó ti ń ta ẹ̀kọ nínú ọjà náà kí wọ́n tó bí mi. Akọ̀wé ka fọ́ọ̀mù mi dé ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá mo ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ó pa á dé. Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú, a ò lè gbé olè sáàárín ọlọ́jà.” Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ọjà ló ń gbà wọlé, kó má baà gba iwájú ọ́fíìsì yẹn kọjá. Ìyẹn dùn mí ju ọdún 4 náà lọ.

Sà, ọ̀rẹ́ tó kó mi wọ ọ̀ràn yẹn kì í béèrè onídùúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wá sílé wa. Mo lé e padà. N kò fẹ́ kó dé lẹ́ẹ̀kẹta kó tún bá mi níbi tí mo jókòó sí láìríṣẹ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ pàṣẹ kí wọ́n tún fọ́ọ̀mù mi yẹ̀ wò, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí mo fi mọ́ lẹ́tà yìí. Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ fi oṣù 6 dán mi wò lábẹ́ ojú ẹgbẹ́ aránṣọ. Alága wọn ti rí iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó sì ní òun yóò gbà mí. Bí wọ́n bá ká ohunkóhun mọ́ mi lọ́wọ́, kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ wọn. Ẹ sì dákun, ẹ bá wa yọ ìbéèrè yẹn kúrò nínú fọ́ọ̀mù, nítorí àwọn mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

Máṣíìnì mi wà nílé, mo ti fi òróró sí i.

Èmi ni ọmọ yín,
Aránṣọ.