Edé Kì í Ṣe Ẹran Bí?

Láti ìgbà tí ọmọ mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún 16 ni ìbéèrè kan ti wọ ilé wa ní Openshaw tí kò sì jáde mọ́: "Kí ni ó wà nínú ọbẹ̀ yìí?" Ní ọdún náà ni ó sọ pé òun kò ní jẹ ẹran mọ́, àti ẹja pẹ̀lú. Èmi rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó ti gba ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́. Àwa méjèèjì gbà pé bí ebi bá pa á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò padà sídìí ìkòkò. Ọdún kẹfà rèé, kò padà.

Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ní ọdún tó kọjá, ó bẹ̀ mí pé kí a jọ lọ wo Bangkok, olú ìlú Tàìláǹdì. Àìrìnjìnnà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. A rí ààfin ọba tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1782. A rí ère Búdà tí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní Wat Pho, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 46, tí wúrà sì bo ara rẹ̀. Kí a tó kúrò nílé ni mo ti fi ọkàn ìyá rẹ̀ balẹ̀ pé ìlú ẹlẹ́sìn Búdà ni à ń lọ, pé oúnjẹ tí kò ní ẹran yóò pọ̀ níbẹ̀ bí omi òjò. N kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀sìn Búdà bí wọ́n ti ń ṣe é ní Tàìláǹdì kò sọ ẹran jíjẹ di èèwọ̀ fún ọmọ ìjọ. Àwọn mọ́ńkì tí ń gbé abọ́ kiri ní ìdájí pàápàá lè jẹ ẹran tí a bá fi sínú abọ́ wọn, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ pé torí tiwọn ni a ṣe pa á.

Ní ọjọ́ kejì, a bá obìnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà tí ń gún ìbẹ́pẹ tútù tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ nínú odó. Ojú ọmọ mi tàn. Ó bèèrè bóyá ẹran wà níbẹ̀. Obìnrin náà mi orí pé rárá, òtítọ́ ni ó sì sọ. Ṣùgbọ́n bí a ti dúró, ó bu edé gbígbẹ sínú odó náà, ó gbé ìgò kan, ó sì da omi inú rẹ̀ lé e. Nam pla ni wọ́n ń pe omi yìí. Ẹja ni wọ́n ń fi iyọ̀ pa mọ́ fún oṣù púpọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọbẹ̀ tí wọn kì í dà á sí. Ọmọ mi yíjú sí mi, ó ní, "Dádì, ó dà bí ẹni pé Màmá ló ń sè é."

Ọ̀rọ̀ náà bà mí níbi tí ó yẹ kí ó bà mí. Àìmọye ìgbà ni ìyá rẹ̀ ti gbé ẹ̀fọ́ fún un pé, "Kò sí ẹran níbẹ̀ o, edé lásán ni." Ní èdè wa, ẹran ni ẹran, ẹja ni ẹja, edé kò sì sí nínú ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í ka omi ẹran tí a fi se ìrẹsì sí ohunkóhun. Àwa náà kọ́ ni a ń fi mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje yangàn ni? Ẹ̀mí méje nínú ewé kan ṣoṣo!

Ohun tí ó gbà wá ní Bangkok ni àsíá kékeré, aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n fi pupa kọ lẹ́tà sí. Jay ni wọ́n ń pe oúnjẹ ibi tí ó bá wà. Kò sí ẹran, ẹja, edé, ẹyin tàbí wàrà níbẹ̀. Wọn kì í tilẹ̀ fi àlùbọ́sà sí i. Fún ọjọ́ 9 lọ́dọọdún, ní oṣù kẹsàn-án kàlẹ́ńdà àwọn ará Ṣáínà, àsíá yìí a máa kún àdúgbò wọn tí ń jẹ́ Yaowarat. Ẹni tí ó bá rí i kò ní láti bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Oṣù méjì lẹ́yìn tí a dé ni a lọ síbi ìkómọ kan nítòsí ilé. Olóde fi ọwọ́ sọ̀yà fún ọmọ mi pé kò sí ẹran nínú ìrẹsì. Ní ṣíbí kẹta ni eegun ewúrẹ́ hàn. Olóde ní, "A ṣáà ti ṣa ẹran rẹ̀ kúrò." Ọmọ mi rọra gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì ní Ashton Old Road, ó sì lọ sílé. Láti ọjọ́ náà kò bá wa lọ sí òde Yorùbá kankan mọ́.

Àwọn kan ní kí ó máa gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání. N kò gbà. Láti ìgbà wo ni àlejò ti ń di oúnjẹ lọ síbi ìkómọ? Àwọn mìíràn ní àṣejù òyìnbó ni. Lóòótọ́, ní Salford tí kò jìnnà sí wa ni William Cowherd ti dá ìjọ kan sílẹ̀ ní 1809 tí kì í jẹ ẹran, Manchester yìí náà sì ni Vegetarian Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ramsgate ní 1847, ti ṣe ìpàdé ọdọọdún rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1848. Ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn baba wa ni yóò bu iyọ̀ sí oúnjẹ olórìṣà Ọbàtálá, kí ó sì sọ fún un pé díẹ̀ ni? Wọn kì í bi eléèwọ̀ léèrè ìdí èèwọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó pa á mọ́ fún un.

Kì í sì í ṣe pé a kò ní ohun tí a lè sè. Èkuru wà, àkàrà wà, ẹ̀wà alátadíndín wà, ẹ̀fọ́ tí irú nìkan dá lóhùn wà, olú wà. Ẹ̀fọ́ àti ata kò sì jìnnà sí ẹni tí ó ń gbé Openshaw, níbi tí ọjà New Smithfield wà. Ìkòkò kan lọ́tọ̀, ṣíbí tirẹ̀ lọ́tọ̀, ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ní òde wa gbogbo. Bí èyí kò bá sì ṣeé ṣe, kí olóde sọ ọ́ gbangba pé ẹran wà níbẹ̀.

Ní oṣù tó ń bọ̀, a óò kó ọmọ àbúrò mi jáde nílé wa. Ìyá rẹ̀ ti ní òun yóò se èkuru, ata rẹ̀ kò sì ní ní edé. Mo ti ra aṣọ ìyeyè tí mo máa so mọ́ ìkòkò náà. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù láti sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Dádì, ṣíbí ńkọ́?"