Bí Òjò Bá Ká Wa Mọ́lé Létí Òkun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní eji kò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa. Òwe yìí wá sí wa lọ́kàn nítorí ìsinmi gbọọrọ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ fi Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Mìnnà ṣe ibùgbé ni ẹ ti ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ lè kó àwọn ọmọ yín wá wo òkun tí wọ́n ń gbọ́ òkìkí rẹ̀ láti ìgbà tí a ti bí wọn. Àgbádárìgì ni ẹlòmíràn ń fọkàn sí, nítorí pé ilé ìtura wà níbẹ̀, ẹja tútù wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ orí omi sì ń tu ara níbẹ̀. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fi pamọ́ fún yín: ẹ lè dé etí òkun tán, kí òjò sì máa rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

Ohun tí ó ń bà wá lọ́kàn jẹ́ ni ìwà tí àwa òbí a máa hù bí irú òjò bẹ́ẹ̀ bá dé. Àwọn kan a fajú ro, wọn a máa ka owó tí wọ́n ti ná, wọn a sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú yàrá pẹ̀lú ẹ̀rọ alágbèéká láti òwúrọ̀ di alẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé wọn kò kúrò nílé rárá. Ti àwọn kejì ni ó burú jù. Wọn a ní owó àwọn kò ní í ṣòfò. Wọn a ní ẹni tí yóò wẹ̀ kì í sá fún òjò. Wọn a sì fa ọmọ lọ́wọ́ lọ sínú omi.

Ní ọdún kan, nínú oṣù Keje, irú rẹ̀ ṣojú wa. Òjò ń rọ̀, òkun ń hó bí ìkòkò orí iná, bàbá kan sì mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ sí ibi tí omi ti dé wọn ní orúnkún. A kìlọ̀ fún un. Ó dá wa lóhùn pé ọ̀la ni àwọn ń padà sí Òkè Ọya, ọmọ òun kò sì gbọdọ̀ padà láìwẹ òkun. Ìgbì kan ṣoṣo ni ó já ọmọ náà gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí kì í bá ṣe ti àwọn apẹja Ègùn méjì tí wọ́n ń tún àwọ̀n wọn ṣe lábẹ́ àtíbàbà, tí wọ́n sì bẹ́ sínú omi láìro ti ara wọn, ẹkún ni ìdílé náà ìbá gbé padà sílé. Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ jókòó sórí iyanrìn nínú òjò, kò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí òkun fi máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ní àkókò òjò wa, ìjì ńlá a máa jà ní ìhà gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì, ìgbì tí ó bá sì dìde lọ́hùn-ún a máa rìn títí yóò fi kan etí ilẹ̀ wa. Nítorí náà òkun lè máa ru bí afẹ́fẹ́ kò tilẹ̀ fẹ́ níbi tí a dúró sí. Omi tí ìgbì bá gbé wá sórí iyanrìn kò lè ṣàì padà. Ojú ọ̀nà tóóró ni ó sì sábà máa ń gbà padà, a sì máa wọ́ ènìyàn lọ sí agbami. Ojú ọ̀nà náà lè dákẹ́ rọ́rọ́ ní wíwò, nítorí pé ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀ bíi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ a sì rò pé ibẹ̀ ni ó dára jù láti wẹ̀. Ẹni tí ó bá kó sí i, kí ó má bá a jà. Kí ó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, kí ó máa bá etí òkun lọ títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àrá bá sì ti sán, kí olúkúlùkù kúrò nínú omi àti lórí iyanrìn gbalasa, kí ó wọlé, kí ó má sì padà títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn.

Ǹjẹ́ kí ni kí a wá ṣe? Èrò tiwa ni pé ọjọ́ òjò kì í ṣe ọjọ́ tí ó sọnù. Ọjọ́ tí a fún wa láti mọ ìlú tí a wá ni, àti láti mọ ọmọ tí a mú wá. Ẹ rántí pé ìlú Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ kò dojú kọ òkun. Ọ̀sà ni ó dojú kọ. Ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń sọdá sí Gberefu kí a tó rìn dé etí òkun. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kò sí ìdí tí a ó fi wọ ọkọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí òjò dẹwọ́ díẹ̀, kí ẹ mú agbòjò, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rin ìlú.

Ẹ lọ wo ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí a mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí wọ́n parí ní ọdún 1845. Ẹ dúró lábẹ́ òrùlé rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1845 ni Henry Townsend, C. A. Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí ìbá gbà wọ́n lálejò, ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà. Nǹkan bí oṣù 18 ni wọ́n fi dúró. Wọn kò káwọ́ gbera: wọ́n kọ́lé, wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀, wọ́n sì ń wàásù. Nígbà tí ọ̀nà là ní ọdún 1846, Crowther dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni ó sì ti tún fojú kan ìyá rẹ̀, tí àwọn akónilẹ́rú ti yà á nípá láti ọdún 1821. Ì báà ṣe Mùsùlùmí ni wá, ì báà ṣe Onígbàgbọ́, ìtàn gbogbo wa ni èyí. Bí ìdádúró oṣù 18 bá lè so irú èso bẹ́ẹ̀, kí ni òjò ọjọ́ mẹ́rin tí a ó fi máa ráhùn?

Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí ilé Sèríkì Fárẹ̀mí Williams Abass, níbi tí àwọn yàrá kótópó tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ ṣì wà. Ọmọdé ni ọkùnrin yìí nígbà tí wọ́n ta òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú, tí ó sì dé Brasil. Nígbà tí ó padà, òun náà di olówò ẹrú. Ọmọ yín yóò bi yín pé, “Bàbá, kí ló dé tí ẹni tí wọ́n tà tún fi ń ta ẹlòmíràn?” Ẹ má ṣe yára dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí ẹ jọ rò ó bí ẹ ti ń rìn padà nínú òjò wínníwínní. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ níye lórí ju ìwẹ̀ ọjọ́ kan lọ, nítorí òkun tí ọmọ náà fẹ́ wẹ̀ ni wọ́n gbà kó àwọn ẹrú náà lọ.

Bí òjò kò bá tilẹ̀ dẹwọ́ rárá, ilé kò níí ṣófo. Wọ́n ní òjò tí ó rọ̀ ni ó kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ẹ mú ọpọ́n ayò lọ́wọ́ bọ̀ láti ilé: ojú ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí bàbá àti ọmọ jókòó kojú ara wọn. Ẹ ó rí i pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nílé a máa sọ̀rọ̀ nídìí ayò. Ẹ ra àgbàdo sísun tí ó gbóná, ẹ fi àgbọn jẹ ẹ́. Àkókò òjò ni àgbàdo tuntun ń jáde, àgbọn sì rèé, oko rẹ̀ kò jìnnà sí Àgbádárìgì. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, nítorí àwọn àgbà wa kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, kí ìyá tàbí ìyá àgbà pe àwọn ọmọ jọ, kí ó ké sí wọn pé, “Àlọ́ o!”, kí wọ́n sì dáhùn. Ọmọ tí ó dàgbà sí Òkè Ọya, tí ó ń gbọ́ Hausa ní àdúgbò àti Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé, nínú irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ti lè gbọ́ èdè bàbá rẹ̀ ní kíkún. A kò bá ẹ̀rọ alágbèéká ṣọ̀tá o. Ohun tí a ń wí ni pé kò gbọdọ̀ gba ipò òbí.

A ní ìmọ̀ràn kan sí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kánò mọ̀ pé oṣù Kẹjọ ni òjò pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín. Létí òkun níhìn-ín kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹfà ni òjò wa sábà máa ń pọ̀ jù. A máa dẹwọ́ nínú oṣù Kẹjọ, a sì tún máa pọ̀ sí i nínú oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Ẹni tí ó bá lè wá nínú oṣù Kẹjọ, kí ó wá. Síbẹ̀ kí ó má rò pé ìgbì ti rọ̀ nítorí pé òjò dẹwọ́.

Ẹ̀yin onílé ìtura etí òkun náà, ẹ gbọ́ tiwa. Kò tó kí ẹ gba owó yàrá. Ẹ ta àsíá pupa ní ọjọ́ tí òkun bá le, ẹ sì fi ẹni tí ó mọ omi ṣọ́ ibẹ̀. Ẹ ṣe gbàgede tí òjò kò lè wọ̀, kí ẹ gbé ọpọ́n ayò àti ìwé Yorùbá síbẹ̀. Iye tí èyí yóò ná yín kò pọ̀, ẹ̀mí ọmọ ènìyàn kò sì lóǹkà.

Ní ìparí, ẹ̀yin òbí, òkun kò níí gbẹ. Bí ẹ kò bá lè wẹ̀ ẹ́ lọ́dún yìí, ẹ ó tún rí i bí ẹ bá padà wá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó láti abẹ́ òrùlé, kí wọ́n gbọ́ ariwo rẹ̀, kí wọ́n sì mọ̀ pé a kì í bá a ṣe àṣejù. Ọmọ tí ó yè ni yóò padà wá wẹ̀.