Ọ̀pá Irin Ti Kúrò Lábẹ́ Sítíárìn: Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Wáyà?

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni Yorùbá ní kí a ti máa wò ó wá. Ẹ̀yin ènìyàn mi, igi kan ń bọ̀ lókèèrè o, ẹ jẹ́ kí a jọ wò ó dáadáa kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà wa. Ọ̀rọ̀ sítíárìn ọkọ̀ ni.

Láti ìgbà tí aráyé ti ń wa mọ́tò, ohun kan wà tí kì í yí padà: irin ni ó so ọwọ́ awakọ̀ pọ̀ mọ́ táyà. Sítíárìn wà lórí ọ̀pá, ọ̀pá wọ inú ráàkì, ráàkì ń ti táì-ròòdù, táì-ròòdù sì ń yí táyà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì lórí eré, sítíárìn á wúwo bí òkúta, ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá fi gbogbo agbára rẹ̀ wọ́ ọ, ọkọ̀ á gbọ́. Irin kò nílò iná mànàmáná kí ó tó ṣiṣẹ́.

Ọ̀pá irin yìí ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti ń yọ kúrò báyìí. Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun tí mò ń wí yìí, kò sí irin kankan láàárín sítíárìn àti táyà. Bí awakọ̀ bá yí sítíárìn, sẹ́ńsọ̀ ni yóò wo bí ó ṣe yí i tó, yóò sì fi wáyà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà yóò wo eré tí ọkọ̀ ń sá, yóò ṣe ìṣirò, yóò sì pàṣẹ fún mọ́tò oníná tó wà níwájú pé kí ó yí táyà. Mọ́tò kékeré mìíràn wà lẹ́yìn sítíárìn fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa fa ọwọ́ awakọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè dà bíi pé ó ń mọ bí ojú títì ṣe rí. Kí a sọ ọ́ bí ó ṣe jẹ́: awakọ̀ ń bẹ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ni ó ń pàṣẹ fún ọkọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé orí àwọn tó ṣe é ti dàrú. Wọ́n ní ìdí, ìdí wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pá irin yẹn ti pa ènìyàn rí, ó sì pa wọ́n lọ súà. Títí di àwọn ọdún 1960, bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ọ̀pá sítíárìn a máa rọ́ sẹ́yìn, a sì gún awakọ̀ láyà bí ọ̀kọ̀. Agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà kan, Ralph Nader, wà lára àwọn tó pariwo ọ̀rọ̀ náà síta nínú ìwé tó kọ ní 1965. Ní 1966, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ààbò ọkọ̀, nígbà tó sì di 1968, ó di dandan kí ọ̀pá sítíárìn lè ká kò bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Wọ́n tilẹ̀ fi ìwọ̀n sí i: bí ọkọ̀ bá forí sọ ògiri lórí eré kìlómítà 48 ní wákàtí kan, ọ̀pá náà kò gbọdọ̀ rọ́ sẹ́yìn ju mìlímítà 127 lọ. Níbi tí kò bá sí ọ̀pá rárá, kò sí ohun tí yóò gún ẹnikẹ́ni láyà.

Ìdí kejì ni ti ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà díẹ̀ yóò rántí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ẹ ó sì mọ wàhálà tí àwọn mẹkáníìkì wa máa ń ṣe kí wọ́n tó yí ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún padà sí apá òsì. Níbi tó bá jẹ́ wáyà ni, ilé iṣẹ́ kan lè ṣe ọkọ̀ kan náà fún Bírítéènì àti fún Jámánì láìyí ohun púpọ̀ padà. Ìdí kẹta ni ìrọ̀rùn: kọ̀ǹpútà lè mú kí awakọ̀ yí ọwọ́ díẹ̀ péré nígbà tó bá ń páàkì, kí ọkọ̀ sì dúró ṣinṣin nígbà tó bá ń sáré.

Nissan ni ó kọ́kọ́ gbé irú ọkọ̀ yìí dé ọjà. Infiniti Q50 ni orúkọ rẹ̀, ní 2013. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú ohun tí Nissan ṣe. Wọn kò yọ ọ̀pá kúrò pátápátá. Wọ́n fi kílọ́ọ̀ṣì sí i láàárín. Bí iná àti kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì á ya ọ̀pá sọ́tọ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́, kílọ́ọ̀ṣì á mú un pọ̀, irin á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà, ní 2016, Nissan ṣì ní láti pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún Q50 padà nítorí pé sítíárìn àti táyà lè ṣàìdọ́gba nígbà tí awakọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná ọkọ̀. Àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n pè padà fún; kì í ṣe irin ló ṣẹ́, kì í ṣe nọ́ọ̀tì ló tú.

Àwọn tó tẹ̀ lé e ti yọ ọ̀pá náà tán. Cybertruck tí Tesla bẹ̀rẹ̀ sí í kó fún àwọn oníbàárà ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2023 kò ní in. ET9 tí ilé iṣẹ́ NIO ní Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í kó jáde ní 2025 kò ní in. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni ìlọ́po méjì: mọ́tò tó ń yí táyà ju ẹyọ kan lọ, ọ̀nà iná ju ẹyọ kan lọ, kí èkejì lè dìde bí àkọ́kọ́ bá kú.

Àwọn tó fẹ́ràn ìmọ̀ yìí máa ń tọ́ka sí ọkọ̀ òfuurufú. Òótọ́ ni wọ́n wí. Láti 1988 ni Airbus A320 ti ń kó èrò, wáyà àti kọ̀ǹpútà ni awakọ̀ rẹ̀ sì fi ń darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọkọ̀ òfuurufú ṣe àpẹẹrẹ gbọ́dọ̀ sọ àpẹẹrẹ náà délẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan A320 láìní ìwé àṣẹ. Gbogbo ohun tí wọ́n bá tún ṣe lára rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó gbéra. Ta ni ó ń yẹ Camry wò kí ó tó kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin?

Ibi tí ọ̀rọ̀ òfin ti wọlé nìyí. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kan wà lórí sítíárìn, òfin tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 79. Ní àtijọ́, ohun pàtàkì tí ó ń béèrè ni pé kí irin so sítíárìn mọ́ táyà. Ìgbà tí ọ̀rúndún yìí bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún wáyà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi májẹ̀mú sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú rẹ̀ dùn ún gbọ́: bí orísun iná tó ń gbé àṣẹ awakọ̀ bá kú, ọkọ̀ náà ṣì gbọ́dọ̀ lè yí bí àmì òǹkà 8 ní ìgbà 24, kí apá kọ̀ọ̀kan 8 náà fẹ̀ tó mítà 40, lórí eré kìlómítà 10 ní wákàtí kan. Ìyẹn ni pé kí agbára tó wà nípamọ́ tó kí awakọ̀ fi bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òfin náà sì ní dandan ni kí iná pupa tàn níwájú awakọ̀ bí nǹkan bá ti ń bàjẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iná pupa yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Òfin Ṣáínà kọ̀ fún irú sítíárìn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2021 ni wọ́n yí òfin náà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2022. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ni yóò fọwọ́ sọ̀yà pé ọkọ̀ òun bá òfin mu. Ìjọba kì í fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀. Àmọ́ bí àléébù bá yọjú, àjọ NHTSA ní agbára láti mú kí wọ́n pe ọkọ̀ padà. Nàìjíríà náà ti wọ inú àdéhùn àgbáyé tí òfin 79 wà lábẹ́ rẹ̀ ní 2018. Wíwọ àdéhùn yàtọ̀ sí ṣíṣe iṣẹ́ rẹ̀ o.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó, ẹ rántí ọ̀rọ̀ Toyota. Ní 2009 àti 2010, ilé iṣẹ́ náà pe ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ padà nítorí pé àwọn kan ń sáré fúnra wọn. Ènìyàn kú. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà ni, àwọn mìíràn ní kápẹ́ẹ̀tì àti pẹ́dà ni. Ìjọba Amẹ́ríkà ní láti bẹ NASA, àwọn tó ń rán ènìyàn lọ sínú òṣùpá, kí wọ́n wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní 2011, NASA ní àwọn kò rí àléébù kọ̀ǹpútà tó lè fa irú eré bẹ́ẹ̀. Ní 2013, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kan ní Oklahoma tún dá Toyota lẹ́bi nínú ẹjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀. Ní 2014, Toyota gbà láti san bílíọ̀nù 1.2 dọ́là nítorí ohun tó fi pa mọ́ fún aráàlú. Bí ó bá lè rí báyìí ní orílẹ̀-èdè tó ní NASA, kí ni àwa ó ti wá ṣe tiwa sí?

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Jàpáánù kó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn láàárín 2015 sí 2018, Áfíríkà ni ó sì gba ìpín tó pọ̀ jù. Ọkọ̀ tí òyìnbó ń rà ní tuntun lónìí ni tòkunbọ̀ tiwa lọ́la. Q50 àkọ́kọ́ ti lé lọ́dún mẹ́wàá.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá pe ọkọ̀ padà ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ ní Àpápá, lẹ́tà kò bá a wọ̀ ọ́. Òmíràn ti ní jàǹbá kí wọ́n tó tà á ní gbàǹjo, omíyalé ti bo òmíràn mọ́lẹ̀ rí. A ó kùn ún, a ó fọ̀ ọ́, yóò máa dán. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nìyí: irin a máa ké kí ó tó já. Táì-ròòdù tó fẹ́ bọ́ á kọ́kọ́ máa dún, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́, mẹkáníìkì inú oko á sì mọ̀ pé ewu dé. Wáyà tí omi iyọ̀ ti ń jẹ lábẹ́lẹ̀ kì í ké. Iná pupa yẹn nìkan ni ẹnu rẹ̀. Gbogbo wa sì mọ ohun tí à ń ṣe sí iná pupa nílẹ̀ yìí. Bí ó bá tàn, a ó ní kí riwáyà bá wa pa á. Bí a bá fẹ́ ta ọkọ̀, a ó pa á kí oníbàárà má baà rí i. Ẹni tó pa iná yẹn lórí ọkọ̀ tí kò ní ọ̀pá irin, ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo tó kù fún ọmọ ọlọ́mọ ni ó pa.

N kò ní kí ìjọba lé ọkọ̀ wọ̀nyí padà. Ohun tí mò ń béèrè kò ju agbára wa lọ. Láti 2022 ni Kọ́sítọ̀ọ̀mù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà VIN tó wà lára ọkọ̀ ṣírò owó tí aráàlú yóò san. Nọ́ńbà kan náà ni ènìyàn lè tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára NHTSA láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ní àléébù tí wọn kò tíì tún ṣe. Bí nọ́ńbà yẹn bá lè sọ iye tí a óò gbà lọ́wọ́ ẹni tó gbé ọkọ̀ wọlé, ó yẹ kí ó lè sọ ewu tó wà nínú ọkọ̀ náà fún ẹni tí yóò rà á. Kí SON àti NADDC kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí pé ọkọ̀ aláìlọ́pàá tí wọ́n ti pè padà, tí wọn kò sì tún ṣe, kò gbọdọ̀ kúrò ní èbúté. Kí ilé iṣẹ́ tó bá ń ta irú ọkọ̀ yìí fún wa kọ́ àwọn riwáyà wa, kí wọ́n sì ta irinṣẹ́ rẹ̀ fún wọn. Kí FRSC àti VIO tó máa ń béèrè ìwé ọkọ̀ àti táyà àpọ̀jù kọ́ bí a ṣe ń yẹ iná pupa wò, kí wọ́n rí i pé ó ń tàn nígbà tí a bá ṣíná ọkọ̀, kí ó sì kú fúnra rẹ̀.

Ìwọ tí o fẹ́ ra ọkọ̀ náà, má kàn lu bọ́dì rẹ̀ kí o sì gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan. Béèrè VIN. Béèrè ohun tó so sítíárìn mọ́ táyà.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọkọ̀ wọ̀nyí kò tíì pọ̀ lójú títì wa, ìdí nìyí tí àsìkò fi wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn tí a fi sípò àgbà, ẹ dìde kí ọjà tó kún.