Mọ́tò Ń Sáré, Wọ́n Ń Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀



Ìyá aláṣọ á gbé fóònù, á ya fọ́tò ànkárá, á fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp. Kó tó dìde lórí àpótí, èsì ti dé pé kó gé yáàdì mẹ́fà sílẹ̀. Bí èsì bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún péré pẹ́, ariwo á ta: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti tún ṣe tiẹ̀ dé o!" Ṣùgbọ́n ta ló ti bi ara rẹ̀ léèrè pé àwọn wo ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ibi tó ń lọ? Ìtàn wọn ló wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ìjà wà nínú rẹ̀, owó sì wà nínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè tí wọ́n ṣe fún un ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀, èdè náà sì pọ̀ lóríṣiríṣi. Èyí tó wà lẹ́yìn WhatsApp ni wọ́n ń pè ní Erlang. Orúkọ ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì kan ni wọ́n fi sọ ọ́, Agner Krarup Erlang, onímọ̀ ìṣirò tó kú ní 1929, ẹni tó fi ìṣirò wá iye wáyà tó yẹ kí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní kí àwọn oníbàárà má baà dúró títí. Ilé iṣẹ́ Ericsson ní ilẹ̀ Swídìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ èdè náà ní 1986.

Ohun tó ń dà wọ́n láàmú nìyí. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ṣeé tì kí wọ́n fi tún ẹ̀rọ ṣe. Ọjà pàápàá ṣeé tì lọ́jọ́ ìmọ́tótó. Ta ni yóò wá ti tẹlifóònù gbogbo ìlú pa nítorí pé ó fẹ́ tún un ṣe? Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí lóru, kò ní gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, èdè tí Joe Armstrong, Robert Virding àti Mike Williams ń wá ni èyí tí wọ́n lè fi tún ẹ̀rọ ṣe nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ńlá kan wò ó. Nínú ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà, ńṣe ló dà bí ìgbà tí ọmọọṣẹ́ mẹ́wàá ń lo ìwé kan ṣoṣo láti kọ ìwọ̀n oníbàárà. Èyí ń kọ, tọ̀hún ń pa á rẹ́, títí ṣòkòtò Làmídì á fi di ti Bísí. Erlang kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ìṣirò ló tọ̀: ohun tó bá ti jẹ́ márùn-ún, márùn-ún ni yóò máa jẹ́. Ọmọọṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀ àti àlùmọ́gàjí tirẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ti kọ, wọn kì í pa á rẹ́. Bí ìwọ̀n bá yí padà, ìlà tuntun ni wọn yóò kọ. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkejì, kó ránṣẹ́ sí i, kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sínú àpótí rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ mọ́ ọ̀kan lọ́wọ́, kò kan àwọn yòókù. Ọ̀gá kan sì wà tí kì í rán aṣọ rárá, kó máa ṣọ́ wọn ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣubú, á fi ẹlòmíràn síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. (Ọ̀gá tí kì í rán aṣọ kò ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n èyí kì í sùn.)

Bí wọ́n bá wá ní àṣà tuntun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa fi rán aṣọ ńkọ́? Wọn kì í lé ẹnikẹ́ni jáde, wọn kì í tilẹ̀kùn. Ẹni tó ń rán aṣọ lọ́wọ́ á fi àṣà àtijọ́ parí rẹ̀. Tó bá mú aṣọ mìíràn, á bọ́ sí tuntun. Ẹ̀dà méjì lè wà nílẹ̀ pọ̀. Àmọ́ tí ẹ̀kẹta bá fi dé, ẹni tó bá ṣì di àkọ́kọ́ mú, wọ́n á gbé e kúrò lórí àga.

Ṣé ó wá rọrùn ni? Rárá o. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ dára, ṣùgbọ́n ìgbín ni. Orí èdè mìíràn tó ń jẹ́ Prolog ni wọ́n gbé e lé. Àwọn kan ní Ericsson tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé kó tó ṣeé tà, ó ní láti yára sí i ní ìlọ́po 40. Armstrong jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè C kọ ẹ́ńjìnnì tuntun, bẹ́ẹ̀ C kì í ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ dunjú. Williams yọjú wo ohun tó ń kọ, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ nìyẹn: Williams mú ẹ́ńjìnnì, Armstrong mú iṣẹ́ ògbufọ̀, èyí tó ń sọ èdè náà di ohun tí ẹ́ńjìnnì gbọ́, Virding mú àwọn irinṣẹ́ tí gbogbo èèyàn yóò máa lò.

Ọdún 1998 ni ìjà dé. Ní oṣù kejì, ẹ̀ka rédíò Ericsson pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fi Erlang bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun mọ́, wọ́n ní èdè tí gbogbo ayé jọ ń lò làwọn fẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí fúnra wọn kẹ̀! Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé ní oṣù kẹta, Ericsson kan náà gbé ẹ̀rọ ńlá kan jáde, AXD301, ìlà Erlang tó wà nínú rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ọ̀gá náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣiwèrè ṣá. Mẹkáníìkì tó bá ti tún mọ́tò tí kò ní pátì ní Ládípọ̀ ṣe rí yóò mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Ṣùgbọ́n òfin má-lò-ó kọ́ ni oògùn rẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù kejìlá ọdún náà: wọ́n sọ Erlang di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un lò, kó sì tún un ṣe. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ ní ti àwọn tó ṣe é, nítorí inú ti bí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, Bluetail. Iṣẹ́ tó ń mú owó oṣù wá ni wọ́n fi sílẹ̀ yẹn o! Ní 2004, Ericsson fúnra rẹ̀ tún gba Armstrong padà.

Ọ̀fẹ́ yẹn ni àwọn ọmọ WhatsApp rí mú lò ní Amẹ́ríkà, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Ní 2012 wọ́n kéde pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ti gba èèyàn mílíọ̀nù 2 lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí Facebook kéde ní 2014 pé òun yóò rà wọ́n ní bílíọ̀nù 19 dọ́là, àwọn tó ń lò ó lóṣooṣù ti ju mílíọ̀nù 450 lọ, àwọn ẹnjinníà tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì ju bíi 32 lọ.

Ọdọọdún ni ẹ̀dà tuntun ń jáde láti Swídìn báyìí, bẹ́ẹ̀ àìmọye ètò ló dúró lórí èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó yára sí i. Ẹ́ńjìnnì tó wà nílẹ̀ dà bí ògbufọ̀ ọjà: bí ẹ bá ní kó bá yín bèèrè "èló ni?" lẹ́ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀rin, lẹ́ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀rin ni yóò tún un túmọ̀. Wọ́n fẹ́ kó túmọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ gbọ́. Wọ́n ṣe é, kò dára tó, wọ́n kó o dànù. Wọ́n tún ṣe é, wọ́n tún kó o dànù. Ẹ̀dà 24, tó jáde ní oṣù karùn-ún 2021, ni Lukas Larsson, John Högberg àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó rí i ṣe. Ẹni tó ní ètò tẹ́lẹ̀ kò ní láti pààrọ̀ ìlà kan nítorí ẹ́ńjìnnì tuntun náà.

Gbogbo èèyàn kọ́ ló yọ̀. HiPE, irinṣẹ́ tó wá láti Yunifásítì Uppsala, tí àwọn kan ti fi ń mú Erlang yára láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí nínú ẹ̀dà 24 mọ́. Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà oríṣi ARM náà ní láti dúró de ẹ̀dà 25 ní 2022 kí ẹ́ńjìnnì tuntun tó kàn wọ́n. Joe Armstrong kò rí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó ti kú ní oṣù kẹrin 2019, ẹni ọdún 68.