Iye Tó Yẹ Kí Ọ̀rẹ́ San Lórí Ọkọ̀ Tó Dípẹtà

Bí ọ̀rẹ́ bá wakọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù panẹ́lì-bítà, ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ. Wọn á kíra, wọn á béèrè ìyàwó àtọmọ, ẹni tó ni ọkọ̀ á wá nàka sí ibi tí ọ̀dà ti wú lórí táyà ẹ̀yìn, á ní, "Ọ̀gá mi, bá mi fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé o ò ní rẹ́ mi jẹ." Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á ní kó gbé e sílẹ̀, pé kò sí wàhálà. Wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́kàn ẹni tó ni ọkọ̀, owó náà ò lè ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lọ. Lọ́kàn ọ̀gá, ọ̀rẹ́ òun á ti mọ̀ pé wọn kì í ta páànù lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fẹ́ jáde ni oníkálukú á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tẹnu ẹnì kejì, ìgbà yẹn ló sì máa ń di "Ṣé èmi náà lo wá ń gba irú owó yìí lọ́wọ́ mi?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi irin jẹun, ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá yín sọ kò gùn. Ẹ ṣírò iṣẹ́ ọ̀rẹ́ yín bí ẹ ó ṣe ṣírò ti àlejò, ẹ jẹ́ kó rí gbogbo iye náà, kí ẹ tó wá dárúkọ èyí tí ẹ fi ta á lọ́rẹ. Ẹ̀bùn tí ẹ kò bá dárúkọ, ẹni tó gbà á kò ní mọ̀ pé òun gba nǹkan kan. Á kàn rò pé iye tí iṣẹ́ náà ń jẹ́ nìyẹn ni.

Iṣẹ́ ìpẹtà nílò àlàyé yìí ju iṣẹ́ mìíràn lọ. Ọkọ̀ tó forí sọ ògiri, gbogbo ojú ló ń rí ibi tó tẹ̀. Ìpẹtà ní tirẹ̀, inú ló ti sábà máa ń jẹ bọ̀ síta. Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń mú irin dógùn-ún, iyọ̀ sì máa ń jẹ́ kó yára. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ tó ti pẹ́ ní Kánádà tàbí ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà fi ń dán lókè nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ti jẹ. Nígbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́, táyà ló sì ń ta omi iyọ̀ náà sí abẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń sùn létí òkun ní Lẹ́kí tàbí Badagry náà ń gba afẹ́fẹ́ iyọ̀ tirẹ̀. Bí irin bá ti di ìpẹtà, ó ń gba àyè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òun ló ń ti ọ̀dà sókè tó fi ń wú. Ibi tó wú lè má ju ẹyọ kọ́bọ̀ lọ, kí irin abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tó àtẹ́lẹwọ́. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nítorí náà, ẹ má dá iye lé ìpẹtà ní ìdúró. Ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ fi ẹnu sukudiráfà gún abẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀ ọkọ̀, ìdí búùtù àti abẹ́ bátìrì. Ẹ pe ọ̀rẹ́ yín kó wá wò ó, bí kò bá sì ráyè, ẹ ya fọ́tò ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí ihò kì í jiyàn lórí páànù. Ẹ tún sọ fún un pé ìgbà tí ẹ bá gé ibẹ̀ dé irin tó mọ́ ni òótọ́ iye tó máa jẹ yóò yọjú, àti pé bí ó bá ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ ó dá iṣẹ́ dúró, ẹ ó pè é kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Bí ó bá wá kan ìṣirò, ọ̀nà mẹ́ta ni kí ẹ pín owó náà sí.

Èkíní ni owó ọjà: páànù, ọ́ksíjìn àti gáàsì, díìsìkì gíráńdà, sáńpépà, práímà, ọ̀dà, tínà, àti epo jẹnẹrétọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ nínú èyí, torí ẹni tó ń ta páànù kò mọ ọ̀rẹ́ yín rí. Lóṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan ní Èkó fò láti nǹkan bí ₦190 kọjá ₦480 láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó sì tún gòkè lẹ́yìn ìgbà náà. Ọ̀gá tó bá ṣì ń fi iye àtijọ́ ṣírò epo, owó ọbẹ̀ ilé rẹ̀ ló fi ń jó irin ọlọ́kọ̀.

Èkejì ni owó ṣọ́ọ̀bù: owó ilẹ̀, oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́, àti ti rìwáyà tó máa wá tú wáyà kúrò lọ́nà. Èyí náà, ti ẹlòmíràn ni. Ebi kì í dárí ji ọmọ iṣẹ́ torí pé ọ̀rẹ́ ọ̀gá ló ni ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta ni owó ọwọ́ yín. Ẹ kà á dáadáa, torí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ni ọlọ́kọ̀ kì í rí. Ẹ ó tú àga, ẹ ó yọ bátìrì, ẹ ó gbé páìpù epo àti ohun tó lè gbiná kúrò kí iná tó kan irin. Ẹ ó gé èyí tó jẹ dànù, ẹ ó gé páànù tuntun ní ìwọ̀n rẹ̀, ẹ ó jó o díẹ̀díẹ̀ kí ooru má baà ká a kò, ẹ ó wá fi ohun tó ń lé omi kun ẹ̀yìn rẹ̀. Inú owó kẹta yìí nìkan ni ẹ̀bùn ti lè jáde, nítorí òun nìkan ló jẹ́ tiyín.

Ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ọjà jẹ́ ₦90,000, ti ṣọ́ọ̀bù àti ọmọ iṣẹ́ ₦15,000, owó ọwọ́ ₦60,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦165,000. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ojú rere, ẹ wí báyìí: "Ọ̀rẹ́ mi, ₦165,000 ni iṣẹ́ yìí. Nítorí tìẹ, mo yọ ₦20,000 nínú owó ọwọ́ mi. Mú ₦145,000 wá. Kí n tó gé irin, fún mi ní ₦90,000 tí mo fẹ́ fi ra ọjà." Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ jọ ní in lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ẹni tó dúró tì yín nígbà ìṣòro ni, tó wù yín láti fi gbogbo ₦60,000 náà ta á lọ́rẹ, ó dáa. Ẹ sọ ọ́ jáde, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni gba owó. Bí òun náà bá níṣẹ́ lọ́wọ́, bóyá télọ̀ ni tàbí káfíńtà, ẹ lè fi iṣẹ́ san iṣẹ́, kí ẹ ṣáà ti dá iye lé méjèèjì.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ: àbùjá. Owó tó bá kéré jù ló ń ti ọ̀gá dé ìdí bọ́dì-fílà. Ká fi bọ́dì-fílà dí ihò tí ìpẹtà jẹ, bí ẹni fi ẹ̀kọ dí orùlé tó ń jò ni. Omi ń ti ẹ̀yìn wọlé, fílà ń mu ún, ìpẹtà sì ń jẹ lọ lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Láìpẹ́ yóò tún wú, ọ̀rẹ́ yín á sì máa sọ káàkiri pé ẹ kò mọṣẹ́. Bí ìpẹtà bá ti dé ṣáísì, ibi tí wọ́n ń fi jáàkì gbé, tàbí ibi tí wọ́n de bẹ́líìtì ìjókòó mọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹwà. Ẹ̀mí ló kù níbẹ̀. Ẹ ṣe é bó ṣe yẹ, tàbí kí ẹ sọ fún un pé ẹ kò ṣe é.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ ń gbé ọkọ̀ lọ, iṣẹ́ tiyín wà níbẹ̀. Ẹ má fi "màá rí ẹ tó bá yá" rọ́pò owó ọjà. Ẹ má gbé ọkọ̀ lọ ní Ọjọ́bọ̀ fún òde Sátidé, torí ọ̀dà tí kò gbẹ kò mọ ọ̀rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín ní iye tí ẹ san, ₦165,000 ni kí ẹ pè, kí ẹ sọ pé wọ́n dín in kù fún yín. Ẹ̀dínwó tí ẹ bá pariwo rẹ̀ lọ́jà ni oníbàárà tó ń bọ̀ yóò fi di ọ̀gá yín lọ́rùn.

Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ọ̀rẹ́ bá wo ìwé náà tó ní owó ọwọ́ òun ò tó, ẹ má bínú, ẹ má sì tún dín in. Ẹ jọ wo iṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ lè kọ́kọ́ ṣe ilẹ̀ ọkọ̀ àti abẹ́ ilẹ̀kùn lóṣù yìí, kí orí táyà àti ọ̀dà dúró de owó oṣù tó ń bọ̀. Iṣẹ́ ni kí ẹ yọ kúrò nínú ìwé. Ẹ má yọ owó kúrò lórí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe.