Gbèsè Kọ́, Àwìn Ni: Ọ̀rọ̀ Kan sí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ MBA

Òwe, oríkì àti ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé ni a sábà máa ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ lé lórí níbí. Lónìí, ọ̀rọ̀ okòwò ni mo gbé wá, àní ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè másítà nínú ìmọ̀ ìṣàkóso okòwò, èyí tí tolórí tẹlẹ́mù mọ̀ sí MBA. Ẹ má rò pé mo ti ṣìnà. Ọ̀rọ̀ èdè gan-an ni.

Ẹni tó bá ti ṣe ẹ̀kọ́ yìí rí mọ̀ pé àìrójú-àìráyè ni. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣiṣẹ́ oṣù lọ́wọ́. Láti ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń sáré wọ kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àbámẹ́ta tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń lọ òde àríyá ti di ọjọ́ ìwé. Ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, ìpolówó ọjà wà níbẹ̀, ìṣàkóso òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, àti iṣẹ́ àjọṣe tí ẹni méjì yóò ṣe tí ẹni márùn-ún yóò fọwọ́ sí. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bèèrè èwo ni èmi nínú wọn.)

Ọ̀nà ìkọ́ni tó gbajúmọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà ni ohun tí wọ́n ń pè ní kéèsì. Ilé-ẹ̀kọ́ okòwò ti Harvard ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1908, ló gbé e lárugẹ. Wallace Donham, tó di ọ̀gá ibẹ̀ ní ọdún 1919, ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó sì ti rí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣe ń fi ẹjọ́ tí ilé-ẹjọ́ ti dá kọ́ṣẹ́. Ó fẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ okòwò náà máa fi ìṣòro ilé-iṣẹ́ gidi kọ́ṣẹ́. Wọn yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn ilé-iṣẹ́ kan, iye owó tó wọlé, iye tó jáde, àti wàhálà tó dé bá ọ̀gá ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá sọ ohun tí òun ìbá ṣe bó bá jẹ́ òun ni ọ̀gá náà. Àríyànjiyàn ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, máàkì sì wà fún ẹni tó bá lanu sọ̀rọ̀.

N kò rí àléébù nínú ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn àgbà rí níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà yóò rí i pé kò ṣàjèjì sí wa. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tó bá kan ọjà tiwa, a kì í lè kọ ìtàn náà bó ṣe rí, nítorí èdè tí a fi ń bèèrè ọ̀rọ̀.

Ní sáà ẹ̀kọ́ kan, wọ́n rán ẹgbẹ́ wa lọ ṣe ìwádìí láàárín àwọn obìnrin aládìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé ìbéèrè wa, àwa tí a gbọ́ Yorùbá ni yóò máa túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan, mo bi í pé, “Ìyá, ṣé ẹ jẹ gbèsè lọ́wọ́lọ́wọ́?” Ojú rẹ̀ yí padà. “Gbèsè kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta ló ní mo jẹ òun ní gbèsè?” Mo tọrọ àforíjì, mo sì kọ “rárá” sí àyè ìdáhùn. Kò pẹ́ tí ọmọdébìnrin kan fi dé láti wá béèrè owó ìgàn aṣọ funfun márùn-ún. Ìyá ní kí ó padà wá ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, pé ọjọ́ náà ni àdéhùn àwìn náà.

Ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ ọmọ Ìgbò, tí kò gbọ́ Yorùbá, ni ó sọ pé, “Kí ni ọ̀rọ̀ tí Ìyá yẹn ń tẹnu mọ́ yẹn túmọ̀ sí?” Àwa tí a gbọ́ èdè kò bèèrè nǹkan kan. Ìyá dá a lóhùn, mo sì túmọ̀: “Àwìn ni mo gbà, n kò jẹ gbèsè. Bí ọjọ́ àdéhùn bá kọjá tí n kò san án, ìgbà náà ni ó di gbèsè.”

Ẹ wo ìyẹn. Lójú olùṣirò owó, gbèsè ni ìgàn aṣọ márùn-ún yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọ ìsọ̀ rẹ̀. Lójú ìyá, ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Gbogbo àwọn tí a ti bi léèrè ṣáájú rẹ̀ ló ti sọ pé àwọn kò jẹ gbèsè, a sì ti kọ “rárá” fún gbogbo wọn. A mọ̀ nígbà náà pé iṣẹ́ wa ti wọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ni a óò fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ti rẹ̀ wá. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A kọ ọ́ pé àwọn aládìrẹ kì í fi owó ẹlòmíràn ṣòwò, a sì dámọ̀ràn pé kí báǹkì wá kọ́ wọn bí a ti ń yáwó! Máàkì tó jọjú ni a gbà.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo èsúsú. Samuel Johnson ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní ọdún 1921. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní ọdún 1952, èsúsú náà ló sì pè é nínú àkọlé rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦20,000 lóṣooṣù, ẹni tó kọ́kọ́ kó o yóò gba ₦200,000 nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ₦20,000 péré. Ní ọjọ́ náà, ₦180,000 owó ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, láìsí èlé, láìsí ìdógò. Ẹni kẹwàá ní tirẹ̀ ti fi ₦180,000 ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kí oṣù tirẹ̀ tó pé. Olùyáwó ni ti àkọ́kọ́, ayánilówó ni ti ìkẹyìn, àwọn tó wà láàárín sì ń ti ipò kan bọ́ sí èkejì. Nínú ìwé ìbéèrè tiwa, abẹ́ “ìfowópamọ́” ni a kó gbogbo wọn sí. Ibẹ̀ náà ni a ju àjọ sí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ alájọ yàtọ̀ pátápátá: ó ń gba owó kiri ìsọ̀ lójoojúmọ́, ó ń dá a padà ní ìparí oṣù, ó sì ń yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fi owó pamọ́ ló ń sanwó!

Òṣómàáló ńkọ́? Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi. Ọjà àwìn wà nínú orúkọ yẹn, bí a ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó yẹ àdéhùn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn onímọ̀ èdè ti ṣe tiwọn. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bamgbose jẹ́ olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984, tí Ọládélé Awobuluyi sì jẹ́ olóòtú apá kejì ní ọdún 1990, ń ran ẹni tó ń fi Yorùbá kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ lọ́wọ́. Ti okòwò kò tilẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn ọlọ́jà: èrè, èlé, àwìn, ìdógò, onígbọ̀wọ́, alágbàtà, alájàpá, alárọ́bọ̀, èènì. Kí a lọ gbọ́ wọn, kí a sì kọ wọ́n sílẹ̀ ló kù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ayé fi ń ṣòwò, àti pé kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ló wà nínú kíláàsì MBA ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Òótọ́ ni. N kò ní kí a fi Yorùbá kọ́ ìṣirò owó fún ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré: bí o bá ń lọ sí ọjà fún iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ, fi Yorùbá kọ ìbéèrè rẹ sílẹ̀ kí o tó kúrò nílé, kí o kà á fún ẹni tó ń tajà kí ó bá ọ tún un ṣe, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ abẹ́nà ìmọ̀ rẹ bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ kí o tó túmọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ kúrò ní Ìtòkú, ìyá yẹn bi wá pé ọjọ́ wo ni a óò mú ìwé náà wá, kí ọmọ òun lè kà á sí òun létí. A ní kò ní í pẹ́. Ọdún ti gorí ọdún, inú àpótí mi ni ìwé náà ṣì wà, “rárá” náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.